Káàdì Mẹ́tàdínlógún Tí Kò Lórúkọ

1.

…nítorí náà ẹ̀rọ náà ò kú. Eruku ọyẹ́ ló dí ihò tí à ń ti dísìkì bọ̀. Ẹ wé òwú mọ́ orí igi ìṣáná, ẹ tì í bọ sípíríìtì, ẹ fi nu inú ihò náà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá gíláàsì iwájú rẹ̀ bí ẹni ń gbá ọmọ létí, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

2.

Bí káàdì àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti àárín. Èkúté ti jẹ orí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ti bá èkúté lọ.

Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Ẹ má dá èkúté lẹ́bi ìyẹn o. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

3.

Fàòsíyà ló kó àwọn káàdì náà jọ. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, òṣìṣẹ́ ni ní Ilé-Ìkàwé Àjọni, lọ́nà Ìrẹmọ, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Bí ìwé tuntun bá dé, òun ló ń kọ orúkọ ìwé náà àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sórí káàdì, tí á wá tò ó sínú àpótí: ti A sínú àpótí A, ti B sínú àpótí B. Ẹni tó bá ń wá ìwé á fa àpótí, á sì rí i. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló ti ń ṣe é. Kí orúkọ òǹkọ̀wé má bàa sọnù, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nìyẹn. Ẹ má gbàgbé.

Lọ́dún 1995 ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ta ilé-ìkàwé lọ́rẹ. Tòkunbọ̀ ni. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo orúkọ tó wà lórí káàdì sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó ti káàdì kan tán, wọ́n á ju káàdì náà sínú páálí. Ẹ̀yìn àwọn káàdì yẹn funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan mú ọ̀kan nínú páálí, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kàn án mọ́ pátákó ìkéde. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn kan tirẹ̀. Kó tó di oṣù mẹ́ta, pátákó ti kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ń wọkọ̀ wá láti Iléṣà, láti Ẹdẹ, wọ́n ń dà á kọ. Wọ́n ní bí tiwọn náà ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn.

Ni Fàòsíyà bá ní kí àwọn kó o jọ di ìwé. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ: *Ohun Tí Ojú Wa Rí Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ.*

4.

*Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń ṣẹ́jú sí mi. Òǹkàwé mẹ́sàn-án ló tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń kí mi kú ìrọ́jú bí ẹni tó wá sílé ọ̀fọ̀.*
— Olúwatóyìn, ìdí tábìlì ìyáwèé

*Ta ló gbé ife tíì lé orí ẹ̀rọ? Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni náà kí n lè bínú.*
— Ògúndèjì, yàrá ìwé ìròyìn

*Èmi kọ́ o.*
— Olúwatóyìn

*Mi ò tíì bá ọ wí.*
— Ògúndèjì

5.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

LÁTI ÒNÍ LỌ, ẸNIKẸ́NI TÍ KÒ BÁ NÍ ÌWÉ-Ẹ̀RÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN Ẹ̀RỌ ILÉ-ÌKÀWÉ. ÌJÌYÀ WÀ FÚN ẸNI TÓ BÁ TÀPÁ.

*Olóyè Adéagbo, Ọ̀gá Àgbà*

(Ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Ta ló ní in nínú wa?* Ẹlòmíràn kọ ọ́ sábẹ́ ìyẹn: *Ọ̀gá náà ò ní.*)

Lọ́jọ́ kẹta ìkéde yẹn, ẹ̀rọ tún dákẹ́. Ọ̀gá jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ká apá agbádá sí èjìká, ó dúró lórí ẹ̀rọ náà bíi dókítà tí kò mú àpò oògùn wá. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ìgbà tó sú u, ó gbójú sókè.

Ó ní, «Ẹ bá mi pe Bàbá.»

6.

Bàbá wo?

Ẹ ò ní gbọ́ kẹ́nì kan béèrè bẹ́ẹ̀ nílé-ìkàwé yẹn. Bàbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Láoyè. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n ò ní sọ ọ́ mọ́, ó dìgbà tí Fàòsíyà bá tó sọ ọ́. Ẹ̀yìn Fàòsíyà ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ìwé tó bá ya, òun ló ń rán an. Abẹ́rẹ́, òwú, àtè àti òòlù kékeré kan, irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Inú yàrá tóóró tó wà lẹ́yìn ni tábìlì rẹ̀ wà láti ọdún 1968. Ìwé mẹ́fà ló kà. Kí ó tó di aránwèé, ó ti bá ẹnì kan tún rédíò ṣe ní Sábó fún ọdún mẹ́rin, ojú rẹ̀ ò sì ṣàjèjì sí inú ẹ̀rọ. Bàbá fi ọdún mọ́kànlá ju Ọ̀gá lọ. Ọdún mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Òun ló kan káàdì àkọ́kọ́ mọ́ pátákó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú tirẹ̀ nìyí:

*Bí iná bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ. Bí iná bá dé, ẹ má sáré tan án. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ wo gílóòbù ìta ná. Bó bá ń rọ́jú, ẹ dúró. Bó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ dúró. Ẹ ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ má kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án ní orúkọ Ọlọ́run.*

Láti ọjọ́ yẹn, bí iná bá dé, gbogbo ilé-ìkàwé á máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn òǹkàwé náà á bá wọn kà á. Ẹ̀rọ ti Iléṣà jóná. Ti Ẹdẹ jóná. Tiwọn ò jóná.

Kò fọwọ́ sí i. Kò fọwọ́ sí ìkankan. Kí ló fẹ́ fọwọ́ sí i fún? Kò sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.

7.

LẸ́TÀ LÁTI ÒṢOGBO

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò òṣìṣẹ́ yóò wá sí ilé-ìkàwé yín ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, 25 oṣù kẹwàá, 1996. Ẹ óò kó ẹ̀rí wá nípa iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ṣe lórí ẹ̀rọ tuntun. Òṣìṣẹ́ tí kò bá wúlò fún ìgbà tuntun yìí ni a óò dá dúró.

(Lẹ́tà náà ní àfikún. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwọn tí «ó ṣeé ṣe kí a má nílò mọ́». Orúkọ kẹta: *Láoyè, aránwèé.*)

Ẹ rí i? Àwọn ti Òṣogbo mọ̀ ọ́n kọ gbangba nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e.

8.

Fàòsíyà ka àfikún yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, ó tán, ìwé wa ni ẹ̀rí. Kí wọ́n ka káàdì mẹ́tàdínlógún yẹn tán, kí wọ́n wá sọ fún mi pé Bàbá ò mọ ẹ̀rọ! Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ó gba yàrá ẹ̀yìn lọ.

FÀÒSÍYÀ: Bàbá, ẹ káàsán, sà.

BÀBÁ: Káàsán, Fàòsíyà. Ó tún ti kú?

FÀÒSÍYÀ: Kò kú o. Ọ̀rọ̀ ìwé wa ni. Gbogbo èèyàn ló fọwọ́ sí tirẹ̀. Tiyín nìkan ni kò lórúkọ.

BÀBÁ: Ẹ ò dá ọwọ́ mi mọ̀ mọ́ ni?

FÀÒSÍYÀ: Àwa dá a mọ̀. Àwọn ará Òṣogbo ńkọ́? Kí ni kí n kọ síbẹ̀, sà?

BÀBÁ: Èyí tó bá wù ẹ́.

FÀÒSÍYÀ: Ṣé kí n fi «Alàgbà» síwájú rẹ̀?

BÀBÁ: Alàgbà ìjọ wo?

FÀÒSÍYÀ: «Ọ̀gbẹ́ni» ńkọ́?

BÀBÁ: Ọ̀gbẹ́ni! Bí ẹni tí wọ́n ń pè ní kóòtù.

FÀÒSÍYÀ: Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, Bàbá.

BÀBÁ: Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà níbẹ̀. Kọ ọ́, kó tán.

FÀÒSÍYÀ: Háà! Bẹ́ẹ̀ gbalaja? Láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀? Ẹ fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ni?

(Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.)

BÀBÁ: Ó dáa, fi àyè sílẹ̀ ná. Bá a bá rò ó tán, a ó dí i.

Ó fi àyè sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Ọ̀gá ránṣẹ́ wá gba ìwé náà, ó ní kíá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ṣetán. Wọn ò tíì rò ó tán.

9.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ (bí Fàòsíyà ṣe kọ ọ́)

Eruku ọyẹ́ . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . .
Ẹ̀rọ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ . . . . . . . *Olúwatóyìn*
Ẹ ka oókan dé ọgọ́rùn-ún . . . . . . . . . . . . . . .
Ife tíì . . . . . . . *Ògúndèjì*
Ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ lẹ́yìn káàdì mẹ́wàá-mẹ́wàá . . . . . . . . . . .
Bí eku ṣe gé wáyà . . . . . . . . . . . . . . . . . . . .
Mo fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ràn mi . . . . . . . *Olúwatóyìn*
Òkú alángbá . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . .
Ẹ̀rọ yìí ò mọ Ifẹ̀ . . . . . . . *Ògúndèjì*

(Ó ń bẹ bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tó ṣófo: mẹ́tàdínlógún.)

10.

(Káàdì kan ló yẹ kó wà níbí. Òjò ló kọ nípa rẹ̀. Ẹlẹ́pà tó wà lẹ́nu géètì ti fi wé ẹ̀pà fún òǹkàwé kan. Ó bẹ̀ wá. A ti gbà.)

11.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù kẹwàá. Ìwé dé láti ibi ìtẹ̀wé. Wọn ò tíì rán an, abala-abala ló ṣì wà nínú páálí. Òórùn yíǹkì rẹ̀ gba gbogbo ilé. Olúwatóyìn jó. Ògúndèjì wá orúkọ ara rẹ̀ títí, ó rí i, ó ní lẹ́tà rẹ̀ kéré jù.

Fàòsíyà ṣí ojú ewé kìíní.

*Eruku ọyẹ́* . . . . . . . Olóyè Adéagbo

Ó ṣí ìkẹta.

*Ẹ ka oókan dé ọgọ́rùn-ún* . . . . . . . Olóyè Adéagbo

Ó ṣí gbogbo rẹ̀.

Olóyè Adéagbo
Olóyè Adéagbo
Olóyè Adéagbo
Olóyè Adéagbo

Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ! Ọkùnrin tó ń fi dísìkì fẹ́ ara rẹ̀ bí ooru bá mú! Fàòsíyà jókòó sórí páálí. Àdùnní, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tó tẹ ìwé náà kó tó lọ síbi ìtẹ̀wé, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, «Ọ̀gá ló ní àyè ò gbọdọ̀ ṣófo. Ó ní kí n máa tẹ òun síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ ṣe?»

12.

(Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Fàòsíyà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde. Kò bu iyọ̀ sí i.)

Ọ̀GÁ: Jókòó.

FÀÒSÍYÀ: Ẹ jẹ́ n dúró, sà. Káàdì mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé yìí tí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ wọ́n.

Ọ̀GÁ: Ta ló kọ wọ́n?

FÀÒSÍYÀ: Bàbá ni. Ẹ mọ̀ pé Bàbá ni, sà.

Ọ̀GÁ: Mo yẹ ìwé tí o kó fún mi wò. Mi ò rí Bàbá kankan níbẹ̀.

FÀÒSÍYÀ: Àyè ni mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀GÁ: Ta ni olórí ilé-ìkàwé yìí?

FÀÒSÍYÀ: Ẹ̀yin ni, sà.

Ọ̀GÁ: Ta ni wọ́n fa ẹ̀rọ lé lọ́wọ́?

FÀÒSÍYÀ: Ẹ̀yin náà ni.

Ọ̀GÁ: Ó parí. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

FÀÒSÍYÀ: Ta lẹrú, sà?

Ọ̀GÁ: Òwe ni mo pa.

FÀÒSÍYÀ: Mo gbọ́ òwe, sà. Ta lẹrú níbẹ̀?

Ọ̀GÁ: Fàòsíyà, ṣọ́ ẹnu ẹ. Ìgbìmọ̀ á ka ìwé yìí, wọ́n á ní ilé-ìkàwé wa mọ iṣẹ́, gbogbo wa náà la máa jèrè ẹ̀.

FÀÒSÍYÀ: Wọ́n máa lé Bàbá lọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, sà! Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká bá yín pè wọ́n!

Ọ̀GÁ: Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní ohun kan ṣoṣo. Ìwọ tí iṣẹ́ ẹ jẹ́ kó o máa kọ orúkọ òǹkọ̀wé. Bó o bá mọ̀ pé tiẹ̀ ni, kí ló dé tó ò kọ orúkọ ẹ̀?

FÀÒSÍYÀ:

13.

Kí ló dé tí kò kọ ọ́?

14.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Rárá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò ó lójú ọ̀nà bó ṣe ń rìn lọ sílé, tí kò wọ okadà, tí ìbínú ń tì í lẹ́yìn.

Ọmọ ọdún méje ni lọ́jọ́ tó pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórúkọ lójúde, níwájú àlejò. Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ìtìjú ibẹ̀ ló wọra. Láti ìgbà náà, ẹ wo ohun tó ń pe àwọn tó jù ú lọ:

Ẹni tó ni ilé tó ń gbé: *Alhaji.* Orúkọ rẹ̀: kò mọ̀ ọ́n.
Ẹni tó kọ́ ọ ní A, B, D: *Tíṣà.* Orúkọ rẹ̀: kò mọ̀ ọ́n.
Aládùúgbò tó gbẹ̀bí rẹ̀: *Ìyá Ìbejì.* Orúkọ rẹ̀: kò mọ̀ ọ́n. Ó ti kú. Kò sẹ́ni tó máa bi í mọ́.

Ẹ̀kọ́ ilé ni. N ò ní kẹ́nikẹ́ni má kọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí à ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà, tí olè wá ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ bá mi wò ó!

Nígbà tó délé, ó kó ojúlówó àwọn káàdì náà jáde nínú báàgì, ó tún wọn kà. Ó ti kà wọ́n tó ogún ìgbà, síbẹ̀ ohun kan wà tí kò rí tẹ́lẹ̀.

*Òkú alángbá ló wà nínú ẹ̀rọ, lẹ́bàá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọwọ́ mi tóbi jù, kò wọ ibẹ̀. Fàòsíyà ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó mú un jáde, tí kò sì pariwo. Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi ni mo tún un ṣe, irọ́ ni. Fàòsíyà ni.*

*…Ògúndèjì ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn wáyà tó ń jó…*

*…Àdùnní ló ṣàlàyé bọ́tìnì yẹn fún mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀…*

*…bí Fàòsíyà ṣe sọ…*

Nínú káàdì mẹ́tàdínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Bàbá dárúkọ Fàòsíyà. Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ tí Bàbá ò dárúkọ. Àfi ẹnì kan.

Fàòsíyà sunkún. Ìbínú ni, kì í ṣe àánú.

15.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ìwé tí wọn ò tíì rán, ta ló máa rán an?

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé páálí lọ fún Bàbá. Ogójì ìwé. Márùn-ún ti ìgbìmọ̀ ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ jáde, kó tó di àárọ̀ Jímọ̀ọ́. Bàbá ti ka ojú ewé kìíní. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Fàòsíyà wọlé tọ̀ ọ́ wá, bírò dúdú lọ́wọ́ rẹ̀.

FÀÒSÍYÀ: Bàbá, ẹ foríjì mí, sà. Èmi ni mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

BÀBÁ: Èmi ni mo ní kó o fi àyè sílẹ̀.

FÀÒSÍYÀ: Ṣé kò dùn yín ni?

BÀBÁ: (ó fa òwú) Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun. Mo ń rán an, ó dà bíi pé mo ń rán ẹnu ara mi. Ọmọ mi bi mí lánàá pé ṣé lóòótọ́ ni pé n ò mọ ẹ̀rọ. Mo ní kó lọ sùn.

FÀÒSÍYÀ: Ẹ má tíì rán àwọn márùn-ún ti ìgbìmọ̀.

BÀBÁ: Mélòó lo fẹ́ kọ?

FÀÒSÍYÀ: Mẹ́tàdínlógún lọ́nà márùn-ún. Márùndínláàdọ́rùn-ún.

Bàbá ò ní kó kọ ọ́. Kò ní kó má kọ ọ́. Ó sún àtè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àyè tábìlì sì gba ìwé.

Fàòsíyà fa ìlà pa orúkọ Ọ̀gá lórí ewé kìíní. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó kàn ni kò rọrùn. Bírò dúró lórí ìwé, yíǹkì rẹ̀ kán tóótó síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó kọ L. Ó gbójú sókè wo Bàbá, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Bàbá ń wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó kọ á. Ó kọ ìyókù.

*Láoyè*

Àjà ilé ò já lé e lórí.

Ìkejì yá díẹ̀. Nígbà tó dé ogún, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó dé ọgọ́ta, ìbínú ló fi ń kọ ọ́, bírò ń gún ìwé lára.

BÀBÁ: Mú un wá kí n rí i.

(Ó gbé e sún mọ́ ojú.)

BÀBÁ: O ò tiẹ̀ fi Bàbá síwájú rẹ̀.

FÀÒSÍYÀ: Wọn ò ní rí i nínú àpótí L bí mo bá fi síwájú rẹ̀, sà.

(Ó fi ìka tọ orúkọ náà.)

BÀBÁ: Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn báyìí. Ìyá mi ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó gba abala náà. Ó rán an.

16.

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ
Jímọ̀ọ́, 25 oṣù kẹwàá, 1996. Gbọ̀ngàn ilé-ìkàwé.
Akọ̀wé ìpàdé: Fàòsíyà.

i. Alága ìgbìmọ̀ kí àwọn tó wà níkàlẹ̀.

ii. Ọ̀gá Àgbà fi ìwé *Ohun Tí Ojú Wa Rí Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ* lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ òru ni òun fi kọ ọ́.

iii. Alága ṣí ìwé. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi fa ìlà sí orúkọ Ọ̀gá Àgbà.

iv. Ọ̀gá Àgbà wo ìwé náà. Ó ní àṣìṣe atẹ̀wé ni.

v. Alága ní atẹ̀wé kì í fi bírò tẹ̀wé. Ó béèrè pé ta ni Láoyè.

vi. Olúwatóyìn wo ilẹ̀. Ògúndèjì wo òkè. Àwọn náà gbẹ̀kọ́ ilé.

vii. Akọ̀wé ìpàdé, tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀. Ó ní: «Ẹni tó kọ ọ́ ni. Láoyè. Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń rán ìwé. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ ní kí Ọ̀gá tan án.»

viii. Ọ̀gá Àgbà ní iná ò sí. Iná wà.

ix. Alága ní kí akọ̀wé yọ ìlà keje kúrò nínú àkọsílẹ̀.

x. Akọ̀wé ò yọ ọ́.

xi. Ìpinnu: ìgbìmọ̀ yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́.

17.

Lẹ́tà ò tíì dé. Oṣù kọkànlá ti fẹ́ẹ̀ parí. Láràárọ̀ ni Fàòsíyà ń wo ẹnu géètì.

Bí ẹ bá dé ilé-ìkàwé yẹn, ẹ fa àpótí A, ìwé tuntun ṣì ń ní káàdì níbẹ̀. Ẹ óò rí káàdì kan tí Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ̀:

*ADÉAGBO, Olóyè. Ohun Tí Ojú Wa Rí Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ.*

Ẹ wá fa àpótí L. Ẹ óò rí òmíràn, bírò dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́:

*LÁOYÈ. Ohun Tí Ojú Wa Rí Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ. Pẹ̀lú Olúwatóyìn àti Ògúndèjì. Òun náà ló rán an.*

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ ti L jù nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fàòsíyà ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Lónìí, ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, iná lọ, iná dé. Ọ̀gá ń kánjú, ó ní òun fẹ́ tẹ lẹ́tà kan. Kò ka oókan. Ó tan án.

Ẹ̀rọ hó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Èéfín díẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá ká apá agbádá sí èjìká. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Àwọn òǹkàwé ti dìde. Olúwatóyìn ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá gbójú sókè.

Ọ̀GÁ: Ẹ bá mi pe Bàbá.

Gbogbo wọn wo Fàòsíyà. Fàòsíyà wà nídìí àpótí káàdì, ó ń to ti L. Kò dìde.

FÀÒSÍYÀ: Bàbá wo, sà?

Ọ̀GÁ: Bàbá. Bàbá náà. Kí ló ṣe ẹ́?

FÀÒSÍYÀ: Wọ́n ní orúkọ, sà. Ta ni kí n pè?

Nínú yàrá ẹ̀yìn, òòlù kékeré tó ń dún kó-kó-kó dákẹ́. Láoyè ń tẹ́tí.

Ọ̀GÁ: . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . .